Ẹ Jẹ́ Kí Ẹsẹ̀ Yín Ṣáájú Owó Yín Wọ̀lú: Ìtọ́sọ́nà fún Ṣójà Tó Ń Fẹ̀yìn Tì

Ẹ̀yin tí ẹ ti lo ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú iṣẹ́ ogun Nàìjíríà, tí ọjọ́ tí ẹ máa bọ́ aṣọ sílẹ̀ ti ń súnmọ́, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Pàápàá ẹ̀yin sájẹ́ńtì àti wọ́ráǹtì ọ́físà tí ẹ ń gbèrò àtipadà sí ilẹ̀ Yorùbá, yálà ìlú tí wọ́n ti bí yín ni tàbí ìlú tí ẹ kò gbé rí. Nínú bárékè, ẹlòmíràn ló ń ṣètò ilé, omi, iná, ilé ìwòsàn, títí kan aago tí ẹ máa jí láàárọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá jáde, gbogbo rẹ̀ já lé yín lọ́wọ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó sì ń ba ti ọ̀pọ̀ jẹ́ ni pé owó gírátúítì, ìyẹn owó ńlá tí wọ́n ń san lẹ́ẹ̀kan fún ẹni tó fẹ̀yìn tì, máa ń dé kí olówó tó mọ ìlú. Á ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀, á kó ẹgbẹ̀rún adìyẹ síbi tí kò ti mọ ẹni tó ń ra ẹyin, á yá ẹbí àti ọ̀rẹ́ lówó. Kí ọdún tó yípo, owó ti tán, àdúgbò kò sì mọ orúkọ kankan tó ń jẹ́ ju "Ṣójà" lọ.

Ìdí nìyẹn tí gbogbo ohun tí mo máa sọ fi rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ kan: ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín ṣáájú owó yín wọ̀lú. Ẹ fún un ní ọdún kan gbáko.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ìwé, nígbà tí aṣọ ṣì wà lọ́rùn

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kan kí ọjọ́ ìfẹ̀yìntì tó pé. Ẹ gbé àkọsílẹ̀ yín lọ́dọ̀ iṣẹ́ ogun, NIN, BVN àti ìwé báńkì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹ ka orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà níbẹ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń jẹ́ Rasheed nínú ìwé iṣẹ́ ogun tó wá di Rasidi lórí NIN, tàbí tí orúkọ bàbá rẹ̀ lọ jókòó sí ipò orúkọ tirẹ̀, kò ní mọ̀ pé nǹkan ṣe títí tí ẹ̀rọ yóò fi kọ̀ ọ́. Ẹ tún un ṣe nísinsìnyí tí ọ̀gá yín ṣì lè buwọ́ lu lẹ́tà lọ́jọ́ kan náà tí ẹ bá béèrè. Tí ẹ bá ti wà ní Ìṣẹ́yìn tàbí Ìkàrẹ́, lẹ́tà kan ṣoṣo lè gba ìrìn-àjò lọ sí ẹ̀yà ọmọ ogun tí ẹ ti kúrò.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹni tí ẹ kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ajogún, ìyẹn next of kin. Ọ̀pọ̀ ló kọ orúkọ ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n wọn sí i nígbà tí wọ́n wọṣẹ́, tí wọn kò tíì gbé ìyàwó, wọn kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Ìyàwó àti ọmọ ló ń jìyà rẹ̀ lẹ́yìn ikú. Tí ẹ kò bá ní ìwé ìgbéyàwó ju ti ìdána lọ, ẹ lọ sí kóòtù lọ búra, kí ẹ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀.

Ẹ kó ìwé ìjáde iṣẹ́, lẹ́tà ìgbéga, ìwé ẹ̀rí gbogbo kọ́ọ̀sì àti tíréèdì tẹ́ẹ̀sì, ìwé owó oṣù tó gbẹ̀yìn àti ìwé ìbí àwọn ọmọ sínú fáìlì kan. Ẹ ya fọ́tò gbogbo wọn sínú ímeèlì yín. Ẹ wo ìwé owó oṣù náà dáadáa: tí wọ́n bá ń yọ ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún fún National Housing Fund, ìyẹn àpò owó ilé kíkọ́ ti ìjọba àpapọ̀, owó yín ni, ẹni tó bá fẹ̀yìn tì sì lè béèrè rẹ̀ padà lọ́dọ̀ Federal Mortgage Bank.

Ti owó ìfẹ̀yìntì oṣooṣù, àjọ Military Pensions Board ní Àbújá ló wà fún yín. Láti ọdún 2011 ni òfin ti yọ àwọn ọmọ ogun kúrò nínú ètò PFA, ìyẹn àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba yòókù. Nítorí náà, ẹni tó bá wá sọ pé òun máa bá yín mú owó yín jáde lọ́dọ̀ PFA kíákíá, irọ́ ló ń pa. Ẹ má ṣe sọ nọ́ńbà fóònù tó wà lọ́dọ̀ àjọ náà nù, nítorí wọ́n máa ń yẹ àwọn afẹ̀yìntì wò láti mọ ẹni tó ṣì wà láàyè, ẹni tí wọn kò bá sì rí lè rí i pé owó rẹ̀ dúró.

Ohun tó kù nínú ìwé ni ara yín. Orúnkún tó ń dùn, etí tí ìró ìbọn ti dí, ọta tó gba itan kọjá lọ́jọ́ kan: ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ọmọ ogun, kí ẹ rí i pé wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì yín kí ẹ tó jáde. Lẹ́yìn ìjáde, ó ṣòro láti fi hàn pé iṣẹ́ ogun ló fà á.

Ìgbésẹ̀ kejì: Òṣòdì

Òṣòdì ní Èkó ni ibùdó ìkọ́ṣẹ́ àwọn ṣójà tó ń fẹ̀yìn tì wà, èyí tí gbogbo ṣójà mọ̀ sí NAFRC. Ìjọba òyìnbó ló dá a sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ bọ̀ láti Ogun Àgbáyé Kejì. Oṣù mẹ́fà ni ẹ lè fi kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ kí ẹ tó lọ: wẹ́dà, télọ̀, káfíńtà, iṣẹ́ iná, títún firíìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, bẹ́kárì, ọ̀sìn adìyẹ àti ẹja, kọ̀ǹpútà. Àǹfààní ńlá ni. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ń fi í ṣe ìsinmi, tí wọ́n ń lọ síbi tí ọ̀rẹ́ wọn bá jókòó sí.

Ìlú ni kí ẹ fi yan iṣẹ́. Kí ẹ tó lọ sí Òṣòdì, ẹ gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ lọ sí ìlú tí ẹ máa gbé. Ẹ rìn yí ọjà ká ní ọjọ́ ọjà àti ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Bẹ́kárì mélòó ló wà níbẹ̀? Ta ló ń tún firíìjì àwọn oníyínyín ṣe, ọjọ́ mélòó ni wọ́n sì ń dúró kó tó dé? Tí àwọn ìyá tó ń ta ẹja dídì bá sọ pé láti Ìbàdàn ni wọ́n ti ń pe ẹni tó ń tún ẹ̀rọ wọn ṣe, ẹ ti rí iṣẹ́. Ẹ tún ro ọjọ́ orí mọ́ ọn. Wẹ́dà ń bá ojú àti ẹ̀yìn jà, ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún kò sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀yìn tó ti gbé ẹrù ogun bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irin láti òwúrọ̀ dalẹ́, àyàfi tó bá ní ọmọ iṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: òrùlé

Ẹni tó fẹ̀yìn tì gbọ́dọ̀ fi bárékè sílẹ̀. Ẹ má dúró de ìwé ìlé-jáde, nítorí àwọn ẹbí tí wọ́n kó ẹrù wọn síta lójijì máa ń gba yàrá tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí, iye yòówù tí wọ́n bá pè é.

Tí ẹ bá ní ilé tí ẹ kò tíì parí, ẹ kó wọ̀ ọ́ ní kété tí yàrá méjì bá ti ní òrùlé, ilẹ̀kùn, fèrèsé, omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Tí ẹ kò bá ní, ẹ gba ilé ọdún kan. Mo mọ̀ pé ó ń ti ọ̀pọ̀ ṣójà lójú láti jẹ́ ayálégbé lẹ́yìn iṣẹ́ ọdún gbọọrọ, ṣùgbọ́n ọdún kan yẹn ló máa kọ́ yín ní àdúgbò tó yẹ kí ẹ kọ́lé sí. Ẹ béèrè iye tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ pọ̀ kí ẹ tó lọ wo ilé: owó ilé, owó èjẹ́ńtì, owó àgíríméńtì àti owó kọ́ṣọ̀n. Ní Èkó, òfin ilé gbígbà ti ọdún 2011 kò gba onílé láyè láti béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Àwọn onílé ń béèrè rẹ̀ síbẹ̀, ẹ sì lè fi ohùn jẹ́jẹ́ rán wọn létí.

Ẹ lọ wo ilé náà lẹ́ẹ̀mejì, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Tó bá bọ́ sí ìgbà òjò, ẹ lọ lẹ́yìn òjò ńlá, kí ẹ wo ibi tí omi gbà. Ẹ béèrè nípa iná àti ààbò lọ́wọ́ ìyá tó ń ta oúnjẹ ní ojúde àti fọkanáísà orítá. Àwọn wọ̀nyí máa sọ ohun tí èjẹ́ńtì kò ní sọ.

Tí ọmọ yín bá wà ní kíláàsì tí yóò ti ṣe ìdánwò WAEC tàbí NECO, ẹ má yọ ọ́ láàárín ọdún. Ẹ wá ibi tí yóò gbé títí tí yóò fi kọ ìdánwò tán. Àwọn yòókù lè bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé tuntun ní oṣù Kẹsàn-án.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ jẹ́ kí owó náà jókòó

Ẹ má fọkàn sí i pé gírátúítì máa wọlé lọ́sẹ̀ tí owó oṣù bá dúró. Láti ọdún tó ṣáájú ni kí ẹ ti máa ya owó oúnjẹ oṣù mẹ́fà sọ́tọ̀. Ẹni tí kò ní oúnjẹ nílé ló máa ń lọ yá owó èlé gọbọi sórí gírátúítì tí kò tíì rí.

Tó bá wọlé, ohun mẹ́ta péré ni kí ẹ yọ owó níbẹ̀ fún ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́: owó ilé, owó ilé-ìwé, àti ìtọ́jú ara tí kò ṣeé sún síwájú. Ìyókù, ẹ fi síbi tí ọwọ́ kò ti lè tètè tó o. Tírẹ́sọ́rì bíìlì ìjọba àpapọ̀ wà, ìyẹn owó tí ẹ yá ìjọba fún ìgbà díẹ̀, ti ọjọ́ 91, 182 tàbí 364. FGN Savings Bond wà, òun náà jẹ́ owó tí ẹ yá ìjọba àpapọ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2017. 5,000 náírà ló kéré jù tí ẹ lè fi wọ̀ ọ́, ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni, ó sì ń san èlé ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Mùsùlùmí tí kò fẹ́ jẹ èlé lè béèrè Sukuk ìjọba, irú bọ́ǹdì tó bá òfin Ìsìláàmù mu, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà lọ́dún 2017 kan náà. Èyí tó bá máa wà ní báńkì, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sójú kan. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2024, tí báńkì ńlá kan bá dà wó, mílíọ̀nù márùn-ún náírà ni NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó inú báńkì, ń dáàbò bò fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Ní báńkì máíkírófáínáǹsì, mílíọ̀nù méjì ni. Iye tó bá lé ní bẹ́ẹ̀ kò sí lábẹ́ ààbò yẹn.

Ẹbí máa wá. Ọ̀kan á ní ọmọ òun fẹ́ wọ yunifásítì, òmíràn á ní òrùlé ilé bàbá yín ń jò. Kì í ṣe ìwà burúkú ni wọ́n wù; lójú wọn, ìjọba ti sanwó fún yín. Ẹ ya iye kan sọ́tọ̀ fún ìrànlọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin àti ìyàwó yín ni kí ẹ jọ mọ iye náà, tó bá sì ti tán, ó tán. Ẹni tó bá béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sọ òtítọ́ fún un pé owó náà wà níbi tí ẹ kò lè yọ ọ́ kó tó pé ọjọ́. Ìdí mìíràn nìyí tí mo fi fẹ́ràn tírẹ́sọ́rì bíìlì: ó ń fún onínúure ní ohun tó máa sọ tí kò ní di irọ́.

Àwọn gbájúẹ̀ náà mọ ìgbà tí ṣójà ń gba owó. Ẹni tó bá pè yín pé òun wà ní ọ́fíìsì pẹ́ńṣọ̀n, pé kí ẹ san owó díẹ̀ kí wọ́n lè sún fáìlì yín síwájú, tàbí kí ẹ ka nọ́ńbà tó wọ fóònù yín fún òun, ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Ètò tó bá sì ṣèlérí láti sọ owó di ìlọ́po méjì lóṣù kan, ẹ rántí MMM tó ti owó àwọn èèyàn mọ́lẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, àti CBEX tó dà wó ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, tí àwọn tó fi owó sí i ní Ìbàdàn fi ya wọ ọ́fíìsì wọn. Àwọn tó mú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wá máa ń jẹ́ ẹni tí a mọ̀, ẹni tó ti gba owó tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí, tí ó sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò sọ ọ́ di òótọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ wọ ìlú

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Kódà ní ìlú tí wọ́n ti bí yín, ẹni tó ti lo ogún ọdún ní Màídúgùrì, Jọ́ọ̀sì àti Sókótó ti di àlejò.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ lọ kí olórí ẹbí yín, baálẹ̀ tàbí olórí àdúgbò, àti alága ẹgbẹ́ onílé. Ẹ wọ aṣọ ìbílẹ̀ lọ, ẹ dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó yẹ kí ẹ dọ̀bálẹ̀ fún, kí ẹ sọ ọmọ ẹni tí ẹ jẹ́, agboolé tí ẹ ti wá, ibi tí ẹ ń gbé àti iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe. Ẹ má fi ipò ṣáájú orúkọ. Ẹ wọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tó súnmọ́ yín, kì í ṣe èyí tó tóbi jù.

Ìkíni ni ẹnu ọ̀nà ìlú. Nínú bárékè, ọ̀rọ̀ ṣókí ló tó. Ní àdúgbò, ẹni tó bá kọjá lára obìnrin tó ń tajà láìsọ "ẹ kú ọjà o," lára àwọn àgbà tó jókòó láìsọ "ẹ kú ìjókòó," ti di onígbèéraga ní ojú wọn, wọ́n á sì so ó mọ́ iṣẹ́ ogun. Ẹ rìn jẹ́jẹ́. Ẹ kí wọn, kí ẹ dúró gbọ́ ìdáhùn.

Wọ́n máa fẹ́ fi yín ṣe olórí ààbò àdúgbò ní ìpàdé àkọ́kọ́ tí ẹ bá lọ. Ẹ dúpẹ́, kí ẹ ní ẹ fẹ́ kọ́kọ́ mọ àwọn èèyàn. Ẹni tó bá gbà á lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ ọmọ aládùúgbò tó jalè máa dé ọwọ́ rẹ̀ kó tó mọ ìyá tó bí i. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, tí wọ́n bá tún bẹ̀ yín, ẹ gbà á tọkàntọkàn, nítorí ìmọ̀ yín wúlò fún wọn.

Ohun ìjà àti aṣọ ogun gbọ́dọ̀ padà sí ibi tí wọ́n ti wá. Òfin kò gba ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́ láyè láti wọ aṣọ ológun, ẹni tó sì ń wọ̀ ọ́ láti fi dẹ́rù ba awakọ̀ ń wá wàhálà lọ́wọ́ àwọn tó ṣì wà nínú iṣẹ́. Ẹ wá ẹ̀ka Nigerian Legion, ẹgbẹ́ àwọn ṣójà tó ti fẹ̀yìn tì, tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí ẹ forúkọ sílẹ̀. Níbẹ̀ ni ẹ ti máa kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn ìyẹ̀wò àwọn afẹ̀yìntì, wọ́n sì máa ń péjọ ní ọjọ́ 15 oṣù Kíní láti rántí àwọn tó kú, ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí ní ọdún 1970.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: iṣẹ́

Iṣẹ́ ààbò ni gbogbo èèyàn máa kọ́kọ́ fi lọ̀ yín. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tó jẹ́. Òfin ọdún 1986 tó ń darí àwọn ilé-iṣẹ́ ààbò aládàáni kò gbà kí ẹ̀ṣọ́ wọn gbé ìbọn. Àjọ Civil Defence ló ń fún wọn ní ìwé àṣẹ. Nítorí náà, ẹ béèrè ìwé àṣẹ ilé-iṣẹ́ náà, iye wákàtí, iye owó oṣù, àti ẹni tó máa tọ́jú yín tí olè bá ṣe yín léṣe. Ẹ má gba iṣẹ́ ẹnu géètì tí ẹ bá ti ṣe olórí ọgọ́rùn-ún èèyàn rí. Ẹ béèrè ipò alábòójútó. Àmọ̀tẹ́kùn, ẹ̀ṣọ́ ààbò tí àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá ṣí ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 9 oṣù Kíní ọdún 2020, náà mọyì ìrírí yín: kọ́nẹ́ẹ̀lì tó ti fẹ̀yìn tì ni ọ̀gá àkọ́kọ́ tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ yàn fún un.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yín kò tán síbi ààbò. Ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe sílẹ̀ lédè tí ẹni tí kò ṣe ológun máa lóye. Ẹni tó jẹ́ olùtọ́jú stóò lè kọ pé òun ṣàkóso ohun èlò, òun sì ń ṣírò rẹ̀ lóṣooṣù láìsí ohun kan tó sọnù. Awakọ̀ ọkọ̀ ńlá tó ti wa ọkọ̀ la Borno kọjá fún ọdún mẹ́ta láìsí jàǹbá ní ohun tí ilé-iṣẹ́ akẹ́rù ń wá. Nọ́ọ̀sì ológun, ẹni tó mọ jẹnẹrétọ̀, ẹni tó mọ rédíò: ẹ sọ iṣẹ́ náà, ẹ fi ipò sí ìsàlẹ̀.

Ọ̀gá yín lè jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín kọ́pùrà àti kọ́nẹ́ẹ̀lì. Àwọn èèyàn máa pẹ́ dé, àṣẹ kò ní ṣe kedere, ẹni tí ẹ bá ní kó tètè ṣe nǹkan á ní òun ń jẹun lọ́wọ́. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ máa wò. Tí àṣẹ kò bá yé yín, ẹ béèrè: "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe parí, ìgbà wo sì ni?" Ẹ gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ọmọdé tó mọ iṣẹ́ náà. Ìwà àkókò tí ẹ mú bọ̀ máa sọ̀rọ̀ fún yín kí oṣù mẹ́ta náà tó pé.

Ti àwọn tó fẹ́ dá oko tàbí sin ẹran: nígbà tí Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé ìjọba sílẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1979, Ọ̀tà ló gbà lọ, ó dá oko, ọ̀pọ̀ ṣójà sì ti ń ro irú rẹ̀ láti ìgbà náà. Ẹ kọ́kọ́ ṣírò oúnjẹ. Adìyẹ tó ń yé ẹyin máa ń jẹun fún oṣù mẹ́rin sí márùn-ún kó tó yé ẹyọ kan. Ẹni tó fi gbogbo owó rẹ̀ ra òròmọdìyẹ àti kéèjì, tí kò fi owó oúnjẹ oṣù márùn-ún sílẹ̀, máa tà wọ́n ní owó pọ́ọ́kú nígbà tí owó oúnjẹ bá tán, kí wọ́n tó yé. Bọ́rọ́ílà yá jù, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni. Ẹja àrọ̀, bí oṣù mẹ́fà. Àgbàdo, bí oṣù mẹ́ta. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àádọ́ta bọ́rọ́ílà, kí ẹ mọ oníṣẹ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ẹni tó máa rà á, kí ẹ tó ronú nípa ẹgbẹ̀rún kan.

Ìgbésẹ̀ keje: ilé

Èyí ni mo kà sí pàtàkì jù, nítorí kò sí ibùdó kankan tó ń kọ́ni ní i.

Nígbà tí ẹ wà lójú ogun ní Àríwá Ìlà-oòrùn, ìyàwó yín ló mọ ìgbà tí iyọ̀ tán, ló sáré gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lóru, ló bá tíṣà jà nítorí ọmọ. Ó ti jẹ́ olórí ilé fún ìgbà pípẹ́. Tí ẹ bá wọlé tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ ní ọjọ́ kejì, ẹ ń gba ipò lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é dáadáa. Ẹ jókòó tì í. Ẹ ní kó sọ bí ilé ṣe ń lọ: ẹni tí ẹ jẹ ní gbèsè, ọmọ tí kò fẹ́ràn ìwé, àjọ tó ń dá àti ọjọ́ tó máa kó o. Ẹ mú iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta nínú rẹ̀, bíi gbígbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé àti owó iná, kí ẹ ṣe wọ́n láìjẹ́ kí ó rán yín létí.

Ẹ má gbàgbé òwò rẹ̀. Obìnrin tó ti ń ta oúnjẹ tàbí aṣọ ní màmí máákẹ́ẹ̀tì fún ọdún mẹ́wàá ń fi gbogbo oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá kó jáde. Àwọn ẹbí ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọkọ ní àsọtúnsọ, wọ́n sì gbàgbé pé owó tí ìyàwó ń rí lójoojúmọ́ ló ń bọ́ ilé. Nínú owó tí ẹ bá máa ná ní ọdún àkọ́kọ́, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni mo máa fi sí ipò kìíní, ṣáájú iṣẹ́ yín pàápàá, nítorí òun ti mọ òwò.

Àwọn ọmọ lè máa pè yín ní "Dádì" ní ẹnu kí wọ́n sì máa sá fún yín nínú ilé. Ẹ má bínú. Ẹ jẹun pẹ̀lú wọn, ẹ bá wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ béèrè orúkọ ọ̀rẹ́ wọn. Ìyà ìfaragbá bíi ti ọmọ ogun tuntun, kí ọmọ máa kúnlẹ̀ lórí òkúta tàbí kó máa fo bí ọ̀pọ̀lọ́, kò yẹ ní ilé.

Tí obìnrin mìíràn tàbí ọmọ bá wà níbìkan tí wọ́n ti gbé yín lọ rí, ẹ sọ ọ́ kí owó tó dé. Ó máa le. Àmọ́ ẹjọ́ tí àwọn ọmọ méjì tí kò mọ ara wọn bá ń bá ara wọn ṣe níwájú àjọ pẹ́ńṣọ̀n lẹ́yìn ikú bàbá le jù ú lọ, ẹ̀yin kò sì ní sí níbẹ̀ láti ṣàlàyé.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ara àti ọkàn

Oorun tí kò wá, àlá ogun, ìbínú tó ń ru láìsí ìdí, àyà tó ń já tí bángà bá dún ní oṣù Kejìlá, ọtí tó ń pọ̀ sí i: àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Kì í ṣe ojo, kì í ṣe àfiṣe. Ẹ sọ fún ìyàwó yín pé kó má fi ọwọ́ jí yín lójijì. Kó dúró níbi ẹsẹ̀ ibùsùn kó pe orúkọ yín. Tó bá ti lé ní oṣù kan tí kò lọ, tàbí tí ẹ bá ń ro láti pa ara yín lára, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kí ẹnìkan sì bá yín lọ.

Ní Èkó, ilé ìwòsàn ọmọ ogun 68 wà ní Yábàá, ti ìjọba àpapọ̀ fún ìtọ́jú ọpọlọ náà sì wà ní Yábàá kan náà. Ní Ìbàdàn, UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, wà. Ní Abẹ́òkúta, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Arò wà, èyí tí àwọn èèyàn fi ń ṣe èébú láìmọ iṣẹ́ tó ti ṣe. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbẹ̀ tí àwọn aláìsàn fi ń gbé ní abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká pẹ̀lú ẹbí wọn, tí wọ́n ń gba oògùn lọ́sàn-án, tí wọ́n ń sùn sílé lálẹ́. Ó mọ̀ pé ẹbí wà lára ìtọ́jú. Ẹ má ṣe dá ìnira náà fara dà.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ilẹ̀, lẹ́yìn ọdún kan

Nísinsìnyí tí ẹ ti mọ ibi tí omi gbà, ẹni tó ń parọ́ àti ẹni tó ń sòótọ́, ẹ lè ra ilẹ̀. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, olórí ẹbí gbọ́dọ̀ wà nínú àwọn tó tà á, kí àwọn àgbààgbà ẹbí láti ojúlé kọ̀ọ̀kan sì fọwọ́ sí i. Ní Ìbàdàn, mọ́gàjí ni kí ẹ béèrè. Ilẹ̀ ẹbí tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan dá tà, kóòtù kò ní gbà pé ẹ rà á. Ẹ sanwó fún lọ́yà tiyín, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ gba ẹ̀dà ìwé sọ́fè, kí awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ìpínlẹ̀ náà, kó wò ó bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ yẹn. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ ọdún 1978, gómìnà ló di gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ mú. Ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà, kò sí ọmọ onílẹ̀ tó lè tà á fún yín. Ẹ fi báńkì sanwó, kí iye náà wà lórí ìwé. Tí àwọn ọmọ onílẹ̀ bá wá dà yín láàmú nígbà tí ẹ bá ń kọ́lé, ẹ má pe àwọn ọmọkùnrin yín ní bárékè. Ẹ lọ fẹjọ́ sùn. Èkó ti ní òfin tó de irú wọn láti ọdún 2016, àwọn aládùúgbò tí ẹ ti ń kí láti ọdún kan sì máa jẹ́rìí yín.

Lẹ́yìn tí gbogbo ẹni tó yẹ bá ti buwọ́ lùwé, ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí orúkọ ìyàwó yín wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú tiyín, kí ẹ̀dà kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.